Ínhélà wà lọ́wọ́ aláìsàn, síbẹ̀ mímí ò dẹ̀

Nọ́ọ̀sìOPD
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn alásímà wa ń fín ínhélà búlúù bíi lọ́fínńdà, wọ́n á tún padà wá pé kò ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo ń rí lò pẹ̀lú ẹnì kan. Kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Spacer, ike tí wọ́n ń fi sáàárín ínhélà àti ẹnu, sì wọ́n gógó.

Apòògùn
Ẹ má tíì kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ẹ ní kí wọ́n lò ó lójú yín. Òmíràn ò ní mì ín. Òmíràn á tẹ̀ ẹ́ tán kó tó fa èémí, ahọ́n àti ọ̀fun ni gbogbo oògùn á lẹ̀ mọ́.

Bó ṣe yẹ nìyí: mì ín, mí síta tán, fi ètè dì í pinpin, bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí díẹ̀díẹ̀, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan bí o ṣe ń fà á, má dẹ́kun títí àyà á fi kún. Pa ẹnu dé, ka oókan dé ẹẹ́wàá. Ó kéré tán, dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú, kó o tún un mì kó o tó tẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kí wọ́n ṣe é fún yín lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó dìde. (Ti ínhélà oníyẹ̀fun yàtọ̀ o, ìyẹn ń fẹ́ fífà líle, kíákíá.)

Ní ti spacer, ike omi 500 ml tó. Ẹ gbẹ́ ihò sí ìdí rẹ̀, kí ẹnu ínhélà há mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi téèpù dí etí rẹ̀; ọrùn ike ló ń wọ ẹnu. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó ro gbẹ fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi aṣọ nù ún, ike á máa fa oògùn mọ́ra. Kí ọmọdé mí sínú-síta nígbà márùn-ún sí mẹ́fà fún títẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

DókítàÀyà
Bí wọ́n tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lò, búlúù nìkan ò tó. Ó kàn ń la ọ̀nà èémí fún wákàtí bíi mẹ́rin ni, ọ̀nà náà ṣì wú nínú. Láti 2019 ni ìlànà GINA (àjọ àgbáyé lórí ásímà) ti ní kí àgbàlagbà má dá a lò mọ́. Ínhélà tó ní oògùn beclometasone tàbí budesonide ló ń mú wíwú yẹn lọlẹ̀. Ẹ tètè sọ fún wọn pé wọn ò ní mọ̀ ọ́n lára lójú ẹsẹ̀, torí ìdí tí wọ́n fi ń jù ú sílẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n tu ú dànù.

Nọ́ọ̀sìOPD
Ẹ ṣé, ẹ̀yin ọ̀gá. Wọ́n tún máa ń ju ínhélà sómi láti mọ̀ bóyá ó ti tán.

Apòògùn
Ẹ kọ̀ fún wọn. Kò sí òótọ́ ńbẹ̀, omi sì lè dí ẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣeé tẹ̀ nígbà 200. Kí wọ́n máa ṣírò.

DókítàÀyà
Ẹ tún kọ èyí sórí páálí fún wọn: bí ọ̀rọ̀ ò bá já geere lẹ́nu mọ́, búlúù nínú spacer, títẹ̀ 4 sí 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ogún-ogún ìṣẹ́jú, lójú ọ̀nà ọsibítù. Kí wọ́n má dúró wò ó nílé.