Irun dúdú lórí ewé Anubias: ṣé iná ni kò tó, àbí CO2?

ẸjaWẹ́wẹ́ (Ìbàdàn)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Táńkì gíláàsì tí mo ń sin ẹja sí jẹ́ 60 × 30 × 35 sẹ̀ǹtímítà, omi inú rẹ̀ tó lítà 55. LED wọ́ọ̀tì 20 ló wà lórí rẹ̀, aago méje àárọ̀ di aago méje alẹ́ ló ń tàn. Ìgò ṣúgà àti yíìsì kan ni mo fi ń ṣe CO2, gáàsì tí ewéko ń lò. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ohun dúdú bí irun ti ń hù létí ewé Anubias, ewéko inú omi tí mo gbìn síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, àwọn ẹja á yọ ẹnu sójú omi, wọ́n á máa mí hẹlẹ. Ṣé kí n ra iná tó lágbára jù báyìí lọ ni?

OmiTútù
Rárá o, ẹ má fi kún iná. Iná ló ń pinnu bí ebi ṣe máa pa ewéko tó. Tí iná bá pọ̀, tí CO2 ò tó, ewéko á dúró sójú kan, algae, irú ohun dúdú tó ń hù yẹn, á gba ilé. Wọ́ọ̀tì 20 yẹn ti fẹ́ pọ̀jù fún ìgò kan ṣoṣo. Ẹ dín in kù sí wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, kí ẹ sì gbé e sókè, kó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 jìnnà sójú omi. Ewé tí irun ti bò ò ní mọ́ mọ́, ẹ gé e dànù. Ewé tuntun ni kí ẹ máa wò.

Ti ẹja yẹn ló ká mi lára jù. Lóru, ewéko kì í tú ọ́síjìn sílẹ̀, òun náà ń lò ó ni. Yíìsì ò sì mọ òru, gáàsì rẹ̀ ò dáwọ́ dúró. Bí iná ọba bá wá lọ, tí fílítà dúró, ojú omi ò ní mì mọ́, gáàsì ò sì ní ríbi gbà jáde. Ẹ wá páńpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì, kó máa ṣiṣẹ́ látìgbà tí ẹ bá ti paná di àárọ̀. Lálẹ́ òní ni o.

AgboEwé
Ìgò kan yẹn ni ìṣòro. Lọ́jọ́ kejì á máa hó yaya, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹwàá ó ti rẹ̀ ẹ́. CO2 tó ń lọ sókè sódò báyìí ni irun dúdú ń fẹ́. Ẹ lo ike lítà méjì, ẹyọ méjì, kí ẹ máa tún ọ̀kan pò lọ́sẹ̀ yìí, èkejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣúgà 200 gíráàmù, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lítà kan, yíìsì ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì. Ẹ má bù ú jù, torí nínú ooru tiwa, yíìsì púpọ̀ á sáré sọ ṣúgà di ọtí, ọtí yẹn á sì pa á.

Ẹ lu ihò sára ìdérí, kó kéré díẹ̀ ju rọ́bà tó ń gbé gáàsì wọ táńkì. Ẹ gé ẹnu rọ́bà ṣóńṣó, ẹ fi ẹ̀mú fà á kọjá, ẹ fi silicone yí i ká, kó gbẹ fún wákàtí 24. Ẹ ta omi ọṣẹ sí i: ibi tó bá ń yọ ìfófòó ni gáàsì ti ń jò. Ẹ fi ìgò omi kékeré sáàárín, kí èérí yíìsì má baà dé ọ̀dọ̀ ẹja, pẹ̀lú fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi táńkì padà sínú ìgò. Ike ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ọ̀nà gáàsì bá dí, ìgò gíláàsì á bẹ́, àfọ́kù rẹ̀ lè fọ́ni lójú.

ẸjaWẹ́wẹ́
Ẹ ṣeun gan-an. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó?

OmiTútù
Drop checker, ìgò kékeré inú táńkì tó ń fi àwọ̀ sọ bí CO2 ṣe pọ̀ tó. Omi 4 dKH (omi tí ìwọ̀n kábọ́nétì inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin) àti bromothymol blue, aró tó ń yí àwọ̀ padà, ni ẹ máa rọ sínú rẹ̀, kì í ṣe omi táńkì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe. Tó bá jẹ́ búlúù, kò tó. Àwọ̀ ewé ló dáa, nǹkan bíi mílígíráàmù 30 nínú lítà kan. Tó bá ti di yẹ́lò, ẹ fa rọ́bà yọ, ẹ tan páńpù afẹ́fẹ́. Ẹ rántí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí kan sí méjì sẹ́yìn ló ń fi hàn yín.

ỌmọOdò
Tó bá jẹ́ Anubias nìkan lẹ gbìn, ẹ gbé ìgò yẹn kúrò. Odò tiwa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbí ló ti wá, òun àti Bolbitis, ewéko omi mìíràn, abẹ́ òjìji ló mọ̀. Ẹ tún wo ọ̀pá gbòǹgbò rẹ̀ tó nà gbọọrọ: ṣé ẹ rì í mọ́ yanrìn ni? Jíjẹrà ló máa jẹrà. Ẹ fi òwú dì í mọ́ òkúta. Tó bá ti rọ̀, tó ń rùn, ẹ gé e títí ẹ ó fi kan ibi tó le, tó sì tutù yọ̀yọ̀ nínú.