Ta ló ń tàn wá nínú Shutter Island?

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Lálẹ́ àná lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wo Shutter Island, fíìmù Martin Scorsese tó jáde ní 2010, a ò sì tíì sinmi ẹnu látìgbà náà. (Ẹni tí kò bá tíì wò ó, kó má kà á síwájú o.) Teddy ni ọlọ́pàá tó lọ wá aláìsàn tó sọnù ní ilé ìwòsàn ọpọlọ kan lórí erékùṣù. Ẹ̀gbọ́n mi ní orí ẹ̀ pé, pé oògùn làwọn dókítà fi dà á lórí rú. Èmi ní aláìsàn ni látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ó lé ní wákàtí méjì tí mo fi ń káàánú ẹ̀, gbogbo ohun tó sọ ni mo gbà gbọ́, àfi bí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì. Ṣé kí n tún un wò ni? Kí ni kí n máa ṣọ́?

Ojú Alákàn: Àbúrò, tún un wò, àmọ́ gbójú kúrò lára Teddy. Àwọn tó yí i ká ni kó o máa wò. Wo báwọn ẹ̀ṣọ́ ṣe di ìbọn mú gírígírí nígbà tó dé erékùṣù náà. Wo Chuck, tó ń ṣe bí ọlọ́pàá ẹnìkejì ẹ̀, nígbà tí wọ́n ní kó fi ìbọn ẹ̀ sílẹ̀: ó fà á, fà á, kò jáde. Ọlọ́pàá wo ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ìbọn ara ẹ̀? Èyí tó wá pa mí ni ti obìnrin aláìsàn tó béèrè omi nígbà tí Teddy ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ó gbọ́wọ́ sẹ́nu bí ẹni ń mu, kò sí ife lọ́wọ́ ẹ̀. Ká tó wò ó, ife òfìfo ló gbé kalẹ̀. Inú omi làwọn ọmọ Teddy kú sí. Lójú tèmi, ohun tí ọkàn Teddy kò lè gbà lojú ẹ̀ kọ̀ láti rí.

Ẹnu Kò Sìn: Ìrẹ́jẹ nìyẹn! Bí olùdarí bá lè fi irọ́ hàn wá, kí la tún fẹ́ gbà gbọ́?

Ojú Alákàn: Kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Wọ́n ti fi àmì sílẹ̀ fún wa: ẹ tú lẹ́tà inú Edward Daniels, orúkọ tí Teddy ń jẹ́, ká, ẹ tún un tò, Andrew Laeddis lẹ máa rí, orúkọ ẹ̀ gan-an. Àtijọ́ sì ni àrà yìí, kí ẹni tá à ń fi ojú ẹ̀ wo ìtàn jẹ́ aláìsàn ọpọlọ: wọ́n ti dá a ní Jámánì ní 1920, nínú fíìmù The Cabinet of Dr. Caligari.

Ìyá Ewé: Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín nípa ìbéèrè tí Teddy bi Chuck kẹ́yìn, kí wọ́n tó mú un lọ: èwo ló burú jù, kéèyàn máa gbé ayé bí ẹhànnà, àbí kó kú bí èèyàn rere? Kò sí nínú ìwé Dennis Lehane ti 2003 tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà. Fíìmù ló fi kún un. Èmi rò pé ara ẹ̀ ti yá nígbà yẹn, ó kàn yàn láti gbàgbé ni. Mo sunkún.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé o. A ti tún un wò. Ẹ̀gbọ́n mi rí i pé kò sífe lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó láwọn dókítà ló jí i.