Ẹ gbà mí o: FOS ń wú ìyá mi nínú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oògùn apakòkòrò (antibiotic) ni ìyá mi lò tán tí ìgbẹ́ wọn ò fi lọ déédéé mọ́. Ẹnìkan wá ní kí n ra FOS (fructooligosaccharide, irú okun oúnjẹ kan, ìyẹn fiber) fún wọn. Ìyẹ̀fun funfun ni, ó dùn díẹ̀ bíi ṣúgà, tí mo bá ti bù ú sínú ògì gbígbóná, kíá ló ń yọ́.

Ohun tó yé mi ni pé ìfun kékeré kò lè da FOS. Odindi ló ń dé ìfun ńlá, níbi tí àwọn bakitéríà bíi Bifidobacterium ti ń jẹ ẹ́, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ásíìdì tó ń ṣe ìfun lóore. Mo fara mọ́ ìyẹn dáadáa. Àmọ́ afẹ́fẹ́ náà ń jáde níbẹ̀, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ikùn Màmá á ti le gbandi, wọn ò ní lè sùn. Àánú wọn ń ṣe mí.

Ṣé kí n dín in kù sí ìdajì ṣíbí kékeré ni, kí n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀? Àbí inulin, okun oúnjẹ mìíràn tó jọ FOS, ló sàn, níwọ̀n bí ẹ̀wọ̀n ṣúgà tó para pọ̀ di í ti gùn ju ti FOS lọ, tí àwọn bakitéríà kì í tètè jẹ ẹ́ tán? Ẹ̀wà àti àlùbọ́sà náà ní irú okun oúnjẹ báyìí, Màmá ò sì ní fi ẹ̀wà sílẹ̀ láéláé. Ṣé kí n máa ka ìyẹn mọ́ ọn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fún àgbàlagbà lò, ẹ dákun, ìwọ̀n wo lẹ fi bẹ̀rẹ̀?