Fóòmù inú ṣòkòtò kẹ̀kẹ́: ẹ sọ ohun tí ìdí yín rí

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Hackney

Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ìdí ni mo gbé wá lónìí, ti fóòmù tí wọ́n ń rán sí ìdí ṣòkòtò tá a fi ń gun kẹ̀kẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ yíká àdúgbò fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lè kọjá. Àwọn tí ilẹ̀ ń ṣú bá lórí kẹ̀kẹ́, tí ilẹ̀ tún ń mọ́ bá lórí ẹ̀, ni mo ń bá wí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London ti mọ Dunwich Dynamo. Lálẹ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje, lásìkò tí òṣùpá bá ń mọ́lẹ̀ dáadáa, èrò á kóra jọ sí pápá London Fields ní Hackney níbí, wọ́n á wa kẹ̀kẹ́ mọ́jú títí dé etí òkun ní Dunwich, ní Suffolk. Ó tó kìlómítà 180. Kò sí pé à ń forúkọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fún ẹ ní ife-ẹ̀yẹ. O gba Epping, o gba Finchingfield, o gba Sudbury, iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ àwọn tó wà níwájú ni wàá máa tẹ̀ lé nínú òkùnkùn.

Oríṣi ṣòkòtò méjì ni mo ti wọ̀ dé ibẹ̀, ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́ mi kan ló fi ta mí lọ́rẹ. Fóòmù rẹ̀ nípọn, ó rọ̀ mẹ̀lọ̀mẹ̀lọ̀. Bí o bá fọwọ́ kàn án, wàá ní ìyà ti tán. Láti London Fields dé Finchingfield, ayé dùn. Ká tó kúrò ní Sudbury, fóòmù ti tẹ́. Ibi tí eegun ìdí méjèèjì jókòó lé ti jìn wọlé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì wú jáde sáàárín itan. Gbogbo bí mo ṣe ń yí ẹsẹ̀ ló ń ha mí lára. Ìdúró ni mo fi wa kẹ̀kẹ́ gba Framlingham kọjá.

Ìkejì kò nípọn tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á wọlé díẹ̀, á sì ti ọwọ́ ẹ padà. Wọ́n kọ ọ́ sí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pé 120 kg/m³ ni fóòmù tó wà lábẹ́ eegun, 80 ni ti ẹ̀gbẹ́. Nọ́ńbà yẹn ni bí wọ́n ṣe ki fóòmù náà pọ̀ tó, lọ́pọ̀ ìgbà, bó bá ṣe ga sí ni fóòmù á ṣe le sí. Mo dé Dunwich, mo jókòó sórí òkúta etí òkun, mo ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin. Orúnkún ń dùn mí, ìdí kò sọ nǹkan kan.

Èmi ò wo ìnípọn mọ́ bí mo bá fẹ́ ra ṣòkòtò. Bó ṣe le tó ni mò ń tẹ̀ wò. Ta ló gbà, ta ni ò gbà?

Ìyá Àwẹ̀ró, Èkó

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà díẹ̀, mi ò gbà tán. Ọ̀nà tiyín tẹ́jú. Ẹ wá gba Sángo Ọ̀tà lọ sí Ìfọ̀, kẹ́ ẹ lọ jáde ní Abẹ́òkúta, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé ẹ ò fẹ́ kó nípọn. Kòtò ibẹ̀ ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ láti ìdí dé eyín. Lójú ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ Sunday, èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì le tẹ́ mi lọ́rùn. Lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, mo fẹ́ kó le, mo sì tún fẹ́ kó nípọn díẹ̀ sí i.

Ohun tẹ́yin ọkùnrin ò ní sọ rèé: fóòmù ti obìnrin yàtọ̀. Eegun ìdí àwa obìnrin sábà máa ń jìnnà síra ju tiyín lọ, nítorí náà fóòmù wa gbọ́dọ̀ fẹ̀ lẹ́yìn, kó kúrú níwájú, kí ojú rírán kankan má sì gba àárín kọjá. Ti ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó. Òǹtajà á bú Ọlọ́run fún ẹ pé ìkan náà ni gbogbo wọn. Irọ́ ni. Da inú rẹ̀ síta níbẹ̀, kí o wò ó. Bí o bá rí okùn ìrán tó là á láàárín, dá a padà fún un.

Ooru tún wà níbẹ̀. Bí oòrùn bá ti jáde báyìí, òógùn á ti rin gbogbo rẹ̀. Èyí tí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí fóòmù rẹ̀ ni mo máa ń wá, ó máa ń gbẹ kíá.

Mùsùlùmí ni mí, mi ò lè wọ èyí tó fún pinpin yẹn nìkan jáde. Ṣòkòtò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó fẹ̀ ni mo ń wọ̀ lé e, mo sì ń fi rọ́bà so ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kí ṣéènì má bàa jẹ ẹ́. Ìyá ọkọ mi rí ti abẹ́ náà lórí okùn aṣọ lọ́jọ́ kan. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n wá pè mí sí ìkọ̀kọ̀: "Ìyàwó, ìlédìí ta nìyí?"

Tuntun Lórí Kẹ̀kẹ́

😂😂 Ẹ ṣeun mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi o: ṣé a máa ń wọ pátá sábẹ́ ẹ̀?

Ìyá Àwẹ̀ró, Èkó

Rárá o, àbúrò. Fóòmù yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ kan ara. Pátá ní ojú rírán níbi tí o máa jókòó lé gẹ́lẹ́, òwú rẹ̀ á sì fa òógùn mọ́ra, kò ní gbẹ títí tí o fi máa délé. Torí ẹ̀ la ṣe ń fọ̀ ọ́ nígbàkigbà tá a bá wọ̀ ọ́. Má sọ pé o kàn wọ̀ ọ́ díẹ̀.

Bọ́ọ̀dá Gbági, Ìbàdàn

Ẹ máa sọ ti 120, ẹ máa sọ ti 80. Àwa tá à ń ra òkìríkà ń kọ́? Lébẹ́ẹ̀lì ti já dànù lára tèmi kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Katangua ní Abúlé Ẹ̀gbá ni mo ti ń rà á nígbà tí mo bá lọ sí Èkó. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣà á. Màá kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀, màá na ìdí ẹ̀ sí oòrùn. Bí mo bá rí ìka mi láti òdìkejì, ó ti gbó nìyẹn. Bó o bá wọ̀ ọ́ tó o sì tẹ̀ síwájú lórí kẹ̀kẹ́, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ ti rí ohun tí ìyàwó ẹ nìkan yẹ kó rí. Lẹ́yìn náà, màá ká fóòmù sí méjì, màá fún un, màá tú u sílẹ̀. Èyí tó bá tètè padà sípò ló ṣì ní ẹ̀mí. Èyí tó bá fi ojú ìká sílẹ̀, tó ń rò ó kó tó nà, ọlọ́lá kan ti jókòó pa á ní ìlú òyìnbó. Màá wá wo rọ́bà ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti bó, ṣòkòtò á máa fà gòkè sí itan.

Èyí tí mo ní báyìí, òun ló ń gbé mi lọ sí Ifẹ̀. A máa ń dúró ní Ìkirè jẹ dòdò, ká tó tẹ̀ síwájú. Mi ò rí eéwo kankan.

Nọ́ọ̀sì Manchester

Bọ́ọ̀dá Gbági, ẹ kú ọgbọ́n. Èmi ò ní wọ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tẹ́nì kan ti wọ̀ rí, àní kí wọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tó ń gbá mọ́ ara yẹn kì í ṣe ibi tá à ń bá ẹlòmíràn pín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òun lagbára ká, ẹ fọ̀ ọ́ ní àfọ̀túnfọ̀, kẹ́ ẹ da inú ẹ̀ síta sá sóòrùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti eéwo, torí mò ń rí i níbi iṣẹ́, mo sì rí i lára tèmi náà. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí irun: aṣọ ń ha á, òógùn ń rin ín, kòkòrò á wá rí ọ̀nà wọlé. Àwọn tó ń fá irun ibẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìn, ẹ ń ṣílẹ̀kùn fún un ni. Lẹ́yìn ìrìn, bọ́ ṣòkòtò náà kí o tó jókòó gbádùn tíì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni í máa jókòó nínú aṣọ tútù, tí yóò máa fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Bó bá ti yọ, má fún un. Fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ títí tó fi máa lọ. Bí ibà bá dé, tàbí tó ń pọ́n káàkiri, dókítà ni kí o lọ rí.

Òrí: mo fẹ́ràn òrí, òun ni mo ń fi pa itan. Ṣùgbọ́n bó bá ti pọ̀ lára fóòmù, ó ṣòroó fọ̀ kúrò. Vaseline burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpara tó ń bá omi lọ dára jù níbi tí fóòmù bá kàn.

Nǹkan kan tún wà tẹ́nikẹ́ni ò tíì sọ. Bí abẹ́ bá ń kú tipiri, tí o kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, fóòmù kọ́ ló máa wò ó sàn. Iṣan ibẹ̀ ni ìjókòó kẹ̀kẹ́ ń tẹ̀. Wo bí imú ìjókòó náà ṣe gbé sókè, rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, tàbí kí o wá èyí tó ní ihò láàárín. Kí o sì máa dìde dúró lórí pẹ́dàlì lóòrèkóòrè.

Àgbà Ọ̀nà Jíjìn, Leeds

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún ọ. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ ló ṣáájú, ṣòkòtò ló tẹ̀ lé e. Ẹni tí ìjókòó rẹ̀ kò bá eegun rẹ̀ mu, kó wọ ṣòkòtò olówó ńlá, ariwo kan náà ló máa pa.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mú páálí tó ní ìlà kọ́rókọ́rọ́ nínú, ẹ tẹ́ ẹ sórí àpótí tó le, ẹ jókòó lé e. Ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè kí orúnkún lè gòkè, kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú bí ẹni di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Bẹ́ ẹ bá dìde, ẹ ó rí ojú kòtò méjì. Ẹ fi rúlà wọn láti àárín ọ̀kan sí àárín ìkejì. Ibi tí kòtò méjèèjì yẹn wà ni fóòmù tó le gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Mo rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ra ṣòkòtò tó dára, ṣùgbọ́n ibi tó le nínú rẹ̀ wà níta eegun wọn. Àárín tó rọ̀ ni wọ́n wá ń jókòó lé.

Ní ti ìrìn Audax, ìyẹn ìrìn kẹ̀kẹ́ ọ̀nà jíjìn tí wọ́n dá àkókò sí, wákàtí 13 àti ààbọ̀ ni wọ́n fún èèyàn láti fi parí kìlómítà 200, wákàtí 20 fún 300. Àwọn tó ń lọ Paris–Brest–Paris ní ilẹ̀ Faransé ní wákàtí 90 fún 1,200. Kò sí fóòmù tó máa dúró tì ọ́ fún 90. A máa ń pààrọ̀ ni. Ní London–Edinburgh–London, wọ́n máa ń bá wa gbé àpò lọ sí ibùdó tó wà níwájú, ṣòkòtò tó mọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ kì sínú rẹ̀, oúnjẹ tẹ̀ lé e. Mo sì máa ń rí i pé oríṣi ọ̀tọ̀ ni mo fi síbẹ̀, kí ojú rírán tuntun má bàa kan ibi tí ti àná ti ha.

Èyí tó ní okùn èjìká ni kẹ́ ẹ rà bí apá bá ká a. Kò sí rọ́bà tó máa fún ikùn yín pinpin, fóòmù kì í sì í sún. Bẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ wò nínú ṣọ́ọ̀bù, á dà bíi pé okùn náà kúrú, tí á máa fà yín wálẹ̀. Ẹ má tìtorí bẹ́ẹ̀ mú èyí tó tóbi. Ẹ tẹ̀ síwájú kẹ́ ẹ rí i. Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n rán an fún. Èyí tó bá ti ń ká jọ ní itan nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀, ó ti tóbi jù.

Láyé ìgbà kan, awọ ẹran gidi ni wọ́n ń rán síbẹ̀. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tó gbẹ, á gan. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa sọ pé ìpara ni wọ́n fi ń rọ̀ ọ́ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ẹ ò rí i pé ayé ti dẹrùn fún yín.

Ìyá Àwẹ̀ró, Èkó

Bàbá, ẹ kúuṣẹ́ sà. Okùn èjìká yẹn dára fún yín. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n wá ní Ìfọ̀, àwa obìnrin á kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù òkè, ká bọ́ okùn, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé epo tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ti ń ṣe èyí tó ní ìkọ́ lẹ́yìn fún obìnrin, mi ò tíì rí i rà níbí. Èyí tó ní bẹ́líìtì fífẹ̀ níkùn ni mo ṣì ń wọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Hackney

Ó yé mi, mà. Àǹtí mi kan ní Peckham ní èyí tó ní ìkọ́ yẹn, ó ní ọwọ́ kan ló fi ń tú u. Màá bi í ibi tó ti rà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ̀ ọ́, ẹ má da omi olóòórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i. Ó máa ń bo ara òwú, aṣọ náà ò sì ní fa òógùn mọ́. Omi gbígbóná sì ń pa rọ́bà rẹ̀.

Tuntun Lórí Kẹ̀kẹ́

Bàbá, mo ti ṣe ti páálí o. Kòtò ọ̀tún jìn, ti òsì kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ṣé eegun mi ò dọ́gba ni?

Àgbà Ọ̀nà Jíjìn, Leeds

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé o tẹ̀ sí apá kan ni. Páálí kí lo lò?

Tuntun Lórí Kẹ̀kẹ́

Ti núdù, sà.

Àgbà Ọ̀nà Jíjìn, Leeds

Ìyẹn fẹ́lẹ́ jù. Wá ti tẹlifíṣàn, kí o tún un jókòó, kí gìgísẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ya fọ́tò ẹ̀ síbí pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó o tó náwó sí ṣòkòtò kankan.