Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù ṣe ń kúrò nínú micelle?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀. Ìdánwò mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ibì kan sì ta kókó mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó yé mi pé kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù kì í yòrò nínú omi, pé iyọ̀ inú òróòro ló ń yí i ká bí ọṣẹ ṣe ń ṣe sí epo ara abọ́: apá tó fẹ́ràn omi kọjú síta, apá tó fẹ́ràn ọ̀rá kọjú sínú. Ìṣù kékeré tó di yìí ni wọ́n ń pè ní micelle, òun ló ń gbé e la omi tó dúró jẹ́ẹ́ lára ògiri ìfun kékeré kọjá.

Tó bá wá débẹ̀ ńkọ́? Ṣé odindi micelle ló ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì ni? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ pé ìparí ìfun kékeré, ní ileum, ni ara ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú iyọ̀ òróòro padà, tí kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù sì ti wọlé látòkè? Mo mọ̀ pé NPC1L1, pròtéìnì kan lára sẹ́ẹ̀lì ìfun, ni ẹnu ọ̀nà tí kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù ń gbà wọlé, òun náà ni oògùn ezetimibe ń dí. Kí ló ń já a gbà lọ́wọ́ micelle kó tó débẹ̀? Olùkọ́ wa kàn ya àwòrán kan ni, ó bá tirẹ̀ lọ.