Irin abẹ́ jíìpù Toyota 4Runner mi ti parí o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Mo bi yín nígbà náà bóyá kí n jó irin tí mo fẹ́ fi bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣáásì (egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró) ni, tàbí kí n fi bóòtù dè é. Bóòtù la lò.

Ọ̀gá wẹ́dà kan ní Òkè-Baálẹ̀ ló gé e: irin pẹlẹbẹ 3 mm, 70 cm sí 60 cm. Bíi kílò 10 nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní 6 mm ló dáa, ìlọ́po méjì ìwúwo ni o, sípíríǹgì iwájú ló sì máa rù ú. Ilẹ̀ la ti jó àwọn bírákẹ́ẹ̀tì (irin kéékèèké tó di irin náà mú), kì í ṣe lára ọkọ̀, kí iná wẹ́dà má lọ kan kọ̀ǹpútà mọ́tò.

Ibi tó wù mí jù ni ihò abẹ́ nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tú láti da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nù. Ó gba sípánà, ó gba ọwọ́, a ò ní máa tú gbogbo irin torí ọ́ìlì. A tẹ iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀ kí òkúta lè yọ̀ kọjá. A gé rọ́bà táyà àlòkù sáàárín òun àti ṣáásì, kó má máa dún gbàgì-gbàgì.

Mo ti gbé e gba ọ̀nà oko lẹ́yìn Ìlobùú. Òkúta kan gbá a gbàù! Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó: ọ̀dà nìkan ló họ.

Ẹni tó bá fẹ́ àwòrán ìwọ̀n rẹ̀, kó béèrè. Ní tèmi, ìbéèrè ti parí.