Kátúùnù àtijọ́ tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bíi róbà: kí ló lé e lọ, ta ló dá a padà?

ỌmọÌbarà
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe kátúùnù, èyí tí mo sì fẹ́ kọ́kọ́ ṣe ni Ìjàpá tó fẹ́ gun Olúmọ, tí Yánníbo ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Irú kátúùnù dúdú-àti-funfun ayé ìgbà yẹn ló wù mí, èyí tí wọ́n ń pè ní rubber hose, tí apá ò ní ìgbọ̀nwọ́, tí ẹsẹ̀ ò ní orúnkún, tí gbogbo ara kàn ń jó sí orin. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe fídíò ìpolówó ní Pańṣẹ́kẹ́ wò ó, ó ní kí n má fi àsìkò mi ṣòfò, pé nǹkan tó ti kú tipẹ́ ni. Àmọ́ mo ń rí i nínú géèmù, mo ń rí i lára tíṣẹ́ẹ̀tì káàkiri. Ṣé ó kú lóòótọ́? Kí ló pa á? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lóye kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Pẹ́ńsù_Sápọ́n
Àbúrò, ó lọ, àmọ́ kò kú. New York ló ti gbilẹ̀ láàárín ọdún 1920 sí nǹkan bíi 1930. Felix, ológbò dúdú tó jáde ní 1919 láti ilé iṣẹ́ Pat Sullivan, Otto Messmer ló ń yà á, Bill Nolan ló wá sọ ọ́ di rogodo-rogodo kó lè yá lọ́wọ́ láti yà. Yíyá yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ o. Nígbà tí ohùn wọ fíìmù, fréèmù 24 (àyè àwòrán kọ̀ọ̀kan lára fíìmù) ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ká tiẹ̀ ní àwòrán kan dúró fún fréèmù méjì, fíìmù ìṣẹ́jú méje péré ti gba àwòrán tó lé ní 5,000, gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́! Ta ló fẹ́ máa ya ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún sí gbogbo ìyẹn? Wọ́n kàn fa ilà méjì, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó di apá. Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni pé ohun tí wọ́n ṣe nítorí kí iṣẹ́ lè yá ló wá di ẹwà, torí apá tí kò léegun lè gùn, ó lè wé mọ́ òpó, ó lè di àtẹ̀gùn.
1928 ni Steamboat Willie, kátúùnù eku Mickey Mouse ti ilé iṣẹ́ Disney, dé, Ub Iwerks ló ya èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, orin àti ìṣesí sì bára mu pátápátá. Àwọn Fleischer, Max àti Dave, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń ṣe kátúùnù, náà ò kẹ̀rẹ̀, àwọn ló ni Betty Boop, ọmọge inú kátúùnù tó jáde ní 1930.

ÀwòránLẹ́nuIṣẹ́Mi
Ẹ̀gbọ́n Pẹ́ńsù ti sọ bó ṣe wá, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ. Disney ló yí padà. Ní 1932 wọ́n gba olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Don Graham pé kó máa kọ́ àwọn ayàwòrán wọn bí ara èèyàn ṣe rí gan-an, egungun, iṣan, bí nǹkan ṣe ń wúwo. Ọdún yẹn náà ni àwọ̀ Technicolor wọ kátúùnù Disney, nígbà tó fi máa di 1937 tí Snow White, fíìmù kátúùnù gígùn wọn, jáde, ojú àwọn òǹwòran ti là, ẹni tó máa sunkún nítorí ọmọbìnrin inú fíìmù fẹ́ kó ní ìgbọ̀nwọ́. Òfin tó ń ṣọ́ fíìmù ní Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú gidi ní 1934, wọ́n fa síkẹ́ẹ̀tì Betty Boop wálẹ̀, gbogbo wèrè àti ìwà ìgboro tó jẹ́ adùn ẹ̀ sì dákẹ́.
Ohun kan wà tí mi ò lè fò. Ìbọ̀wọ́ funfun tí wọ́n máa ń fi sọ́wọ́ àwọn kátúùnù yẹn, òótọ́ ni pé ó ń jẹ́ kí ọwọ́ dúdú hàn lára ara dúdú, àmọ́ òun àti ẹnu gbàgàdà àti ojú ràgàjì tún wá látinú eré orí ìtàgé tí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà fi ń kun ojú wọn dúdú láti fi aláwọ̀ dúdú ṣẹ̀sín. Lẹ́sẹ̀ kan náà orin aláwọ̀ dúdú ni kátúùnù wọ̀nyí ń jó sí. Ní 1932 àwọn Fleischer ya fíìmù Cab Calloway, olórin jáàsì aláwọ̀ dúdú, fúnra ẹ̀ níbi tó ti ń jó, wọ́n sì fi ìrìn ẹ̀ sára ẹranko inú kátúùnù. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń wò ó, inú a sì tún bí mi. Ọmọ Ìbarà, má fi ìbọ̀wọ́ sí Ìjàpá lọ́wọ́.

AdìrẹÌtòkú
Ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n Pańṣẹ́kẹ́ yẹn ò tọ̀nà. Ọmọkùnrin mi ló fi Cuphead hàn mí, géèmù tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ní Kánádà, Chad àti Jared Moldenhauer, gbé jáde ní 2017. Wọ́n ya èèyàn inú ẹ̀ lórí pépà, wọ́n fi íǹkì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, wọ́n fi wọ́tà kọ́lọ̀ kun ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n sì fi ilé wọn dúró fún owó kí wọ́n lè parí ẹ̀. Wọ́n tà ju mílíọ̀nù kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Netflix náà ti fi ṣe eré ní 2022. Àwa tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya adìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ ọ́n dáadáa, ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ kún ọjà, síbẹ̀ àwọn kan ṣì wà tó jẹ́ èyí tí ọwọ́ yà ni wọ́n ń bèèrè.

Pẹ́ńsù_Sápọ́n
Mọ̀mí, ẹ ṣeun mà. Àbúrò, jẹ́ kí ìkarahun le, kí ọrùn, apá àti ẹsẹ̀ nìkan máa rọ̀, torí ọrùn ìjàpá ti ń jáde tó ń wọlé fúnra ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí apá àti ẹsẹ̀ nípọn bákan náà látòkè délẹ̀. Kọ́kọ́ wá orin kó o tó yàwòrán, tí ìlù bá ń dún ní 120 ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo fréèmù 12 ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ balẹ̀. Àwòrán eku Steamboat Willie ti di ti gbogbo ayé ní Amẹ́ríkà láti January 1, 2024, àmọ́ kí lo fẹ́ fi ṣe nígbà tó o ní Ìjàpá?

ỌmọÌbarà
Ẹ ṣé gan-an ni mà, ẹ ṣé sà. Kò sí ìbọ̀wọ́ mọ́, fìlà abetí ajá aládìrẹ ni mo máa fi sí i lórí. Dùndún ni mo fẹ́ kó máa jó sí, ẹ bá mi wá onílù tó lè dúró lórí 120 láìsáré, mo máa wá bá a níbikíbi ní Abẹ́òkúta.